Ìsàlẹ̀ Ni Afẹ́fẹ́ Ti Gbé Òrùlé Náà

Káfíńtà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n wọn kì í kan àga, wọn kì í kan ibùsùn. Òrùlé nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ní àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà, Bàbá Káfíńtà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, agbára káká sì ni kí a tó rí abúlé kan láàárín ìlú wa àti Tápà tí wọn kò tíì gun àjà ilé níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá jọ wà lórí ọ̀kadà, wọ́n á máa fi àgbọ̀n júwe: èmi ni mo kan tibí yìí, èmi ni mo kan tọ̀hún náà. Wọn kì í fi fọ́nnu. Ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èmi ní tèmi kàwé. Jọ́gíráfì ni mo kà, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Èrúwà. Mo gba yàrá kan síbẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń padà sílé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi àti bàbá mi nìkan la máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kì í sì í pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa afẹ́fẹ́, inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí bàbá mi mọ̀ nípa òrùlé, ọwọ́ wọn ló kọ́ wọn. N kò bi wọ́n léèrè rí, àwọn náà kò bi mí.

Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Igbó-Ọrà, níbi tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ti ń dáko. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ ń rìn. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n lọ. Ọ̀rẹ́ yìí ni ládàánì mọ́ṣáláṣí náà, àwọn ló ń pe ìrun. Nígbà tí àwọn ará abúlé mọ ògiri tán, tí agbára wọn kò gbé ìyókù mọ́, bàbá mi ní àwọn á kan òrùlé rẹ̀ ní sàráà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Ládàánì wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lu ògiri iwájú, kí wọ́n sì fi fèrèsé ńlá méjì sí i, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ibi tí lèmọ́mù máa ń dúró sí, nítorí ooru. Bàbá mi gbà.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹta. Ẹni tó bá mọ Ìbàràpá mọ bí oṣù kẹta ṣe ń rí. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, iná ti jó koríko tán, ilẹ̀ ń gbóná wọ inú bàtà. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti apá òkun ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ju pé kí aṣọ máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lára lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo wà nínú kíláàsì ní Èrúwà. Òjò ṣú ní apá Ìbàdàn, ó dúdú bí aró, ó sì ń bọ̀ kíákíá. Kí ó tó kán, afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ dé. Èmi àti àwọn ọmọ dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí ọrùn aṣọ mi sílẹ̀ kí ó lè fẹ́ sí mi láyà, inú mi sì dùn. Páànù ilé ìwé ń mì lókè. Òjò rọ̀ díẹ̀, ó dá, ìjì náà sì kọjá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, sí apá ilé wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé náà, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìrun àláásárì ni wọ́n fẹ́ kí. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú mọ́ṣáláṣí. Eruku pọ̀ níta, ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n fi fèrèsé iwájú méjèèjì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Nígbà tí atẹ́gùn tútù wọlé, ládàánì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì sún ẹní wọn mọ́ abẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti forí kanlẹ̀ nígbà tí ìjì fúnra rẹ̀ dé. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé òun kọ́kọ́ rò pé etí òun ló di. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé láti òkè. Òrùlé náà, tigi ti páànù, gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ó yí dànù lókè, ó sì balẹ̀ sórí igi igbá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Igi kan ṣoṣo ló já padà sínú ilé. Orí ládàánì ló bà. Wọ́n gbé wọn sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé ọsibítù tí ẹ̀mí fi bọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìsìnkú. Bàbá mi wà lára àwọn tó sọ̀kalẹ̀ sínú sàárè láti gba òkú ọ̀rẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán, àwọn èèyàn ń bá ẹbí kẹ́dùn bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa, pé Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni yìí á sọ ọ́, ẹni tọ̀hún á sọ ọ́. Mo ń wo bàbá mi. Bí ẹnu kan bá ti dárúkọ afẹ́fẹ́, ojú wọn á wálẹ̀. Àwọn fúnra wọn kò sọ ọ́. Àmín nìkan ni wọ́n ń ṣe títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbòde lẹ́yìn náà. Àwọn tó fẹ́ràn bàbá mi ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló fà á, pé ìṣó àlòkù ni káfíńtà kàn sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé sọ ọ́ lójú bàbá mi níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí àdúrà parí, wọ́n dá lọ síbi tí òrùlé náà ṣubú sí, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé gígé igi kan wálé. Orí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e lé. Ìṣó gígùn mẹ́ta ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí èyí tó dógùn-ún nínú wọn, kò sí èyí tó tẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n fà yọ tààrà kúrò nínú igi tó sùn lórí ògiri, bí ìgbà tí èèyàn bá fa koríko tu lẹ́yìn òjò.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò gun àjà mọ́. Bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ wá, wọ́n á ní ara àwọn kò yá. Wọ́n ti òòlù àti ayùn sábẹ́ ibùsùn. Igi oníṣòó mẹ́ta yẹn wà lórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun.

Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó bi mí. Ọjọ́ Sátidé kan ni, mo ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ. Bàbá mi fi ìka kan ìṣó ara igi náà.

"Ìwọ lò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa afẹ́fẹ́. Òrùlé yẹn wúwo. Ọkùnrin mẹ́wàá kò lè gbé e. Kí ni afẹ́fẹ́ fi gbé e?"

Mo pa ìwé dé. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, àwọn ló máa ń ṣàlàyé nǹkan fún mi. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ, pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Mo ní lóòótọ́ a kò rí i, ṣùgbọ́n ó ga lórí wa ju òkè èyíkéyìí lọ, ó ń tẹ̀ wá lókè, ó ń tẹ̀ wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tẹ̀ wá nísàlẹ̀, pé bó ṣe ń tẹ̀ wá níbi gbogbo bákan náà ni kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ní báwo ni ohun tó wúwo ṣe ń gòkè. Mo ní ooru ni. Ilẹ̀ ni oòrùn ń mú gbóná, ilẹ̀ á wá mú afẹ́fẹ́ tó sùn lé e gbóná. Èyí tó bá gbóná á fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, á sì gòkè bí èéfín. Bó bá ti ń gòkè ló ń tutù, omi tó gbé pamọ́ láti òkun á sì di àwọsánmà. Bí omi bá ń di àwọsánmà, ó tún ń tú ooru sílẹ̀, ooru náà á tún tì í sókè sí i, àwọsánmà á máa ga títí tí omi inú rẹ̀ á fi pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé dúró lọ. Ìgbà náà ni òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, á sì fa afẹ́fẹ́ tútù lọ́wọ́ bọ̀ láti òkè. Èyí tó tutù wúwo. Bó bá balẹ̀, kò ríbi wọ̀ mọ́, á wá tàn ká bí omi tí a dà sórí àpáta.

"Atẹ́gùn tútù tó máa ń ṣíwájú òjò nìyẹn?"

Mo ní, "Òun ni, Bàbá. Ìjì ọjọ́ náà, òun ni."

Mo rò pé ó ti tó wọn. Wọ́n ní òrùlé ni àwọn bi mí.

Mo ya ojú ìwé kan, mo gbé etí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ètè mi, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ gba òkè rẹ̀ kọjá. Ìwé tó ti rọ̀ wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ dìde. Mo gbé e fún wọn. Àwọn náà fẹ́ ẹ, ó dìde. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ojú wọn le bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Mo ní afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lórí òrùlé kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń fà á. Mo tún rán wọn létí ohun tí ìjì máa ń ṣe sí agbòòrùn, bó ṣe máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ tí á sì yí i sókè. Mo wá sọ ti mọ́ṣáláṣí. Ìlà oòrùn ni ìjì náà ti wá. Ìlà oòrùn ni fèrèsé méjèèjì kọjú sí, wọ́n sì wà ní ṣíṣí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Afẹ́fẹ́ wọlé, kò rọ́nà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti òrùlé láti abẹ́, nígbà tí èyí tó wà níta ń fà á láti òkè.

Bàbá mi gbé igi oníṣòó mẹ́ta náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n tún yí i padà.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń kan òrùlé kó má baà wó lu èèyàn," wọ́n ní. "N kò kan ọ̀kan rí kó má baà fò."

Wọ́n gbé igi náà kalẹ̀, wọ́n wá béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ṣé àwọn ni àwọn pa ọ̀rẹ́ àwọn.

Ó wù mí kí n sọ pé rárá, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá parọ́ nípa ìyẹn, wọ́n á mọ̀, wọn kò sì ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Mo ní ìṣó wọn kò burú, igi wọn kò burú, àmọ́ ìṣó nìkan kò tó. Ìṣó tí a kàn láti òkè wá sísàlẹ̀, ohun tó bá ń fà á lọ sókè á fà á yọ. Ká ní a ti fi irin de igi òrùlé mọ́ ara ògiri ni, bóyá kì bá tí lọ. Mo ní n kò lè búra. Bàbá mi dìde, wọ́n wọ yàrá, wọn kò sì jẹun alẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń bá ara mi wí. Ta ló rán mi?

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá irin pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń de ẹrù ńlá, àwọn fẹ́ lọ de gbogbo òrùlé tí àwọn ti kàn rí, ó kéré tán èyí tó ṣì dúró níbẹ̀. Wọn kò kọ ibì kankan sílẹ̀. Orí wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Apá ìlà oòrùn ìlú ni wọ́n ní ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjì ti ń wá.

Wọ́n lé wa ní ilé àkọ́kọ́. Onílé náà kò bú wa o, ó kàn ní bí òrùlé òun bá ní àléébù, ọjọ́ tí wọ́n ń kàn án ló yẹ kí òun ti gbọ́, pé kí Bàbá Káfíńtà má fi ẹnu ara wọn pe ìjì sí ilé òun. Bàbá mi dúpẹ́, a sì lọ. Ilé kejì gbà wá, wọ́n tilẹ̀ fún wa ní ẹ̀kọ. Nígbà tí a parí níbẹ̀, bàbá mi ní ilé opó ládàánì ló kàn. Mo ní ṣé kò yẹ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n ti gorí ọ̀kadà.

A bá ìyá náà lábẹ́ òjìji ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Bàbá mi kò jókòó. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ bí ọmọdé, àgbàlagbà bíi tiwọn, wọ́n sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí ìjì ṣe ń wọlé, bó ṣe ń tì láti abẹ́, bí ìṣó àwọn kò ṣe tó. Wọ́n dárúkọ fèrèsé, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹni tó ní kí àwọn fi síbẹ̀. Mo ń retí rẹ̀. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló gbé àwọn wá: láti tọrọ àforíjì, àti láti de òrùlé ilé yìí, nítorí àwọn náà ni àwọn kàn án.

Ìyá náà bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ wọn tán kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ̀ ń kàn án?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Àkàbà wà lẹ́yìn ilé."

Títí di ìrọ̀lẹ́ la fi wà níbẹ̀. Bàbá mi ń lu ihò sára ògiri lábẹ́ igi, wọ́n ń ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n ń wé e yí igi òrùlé ká, wọ́n ń fà á le, èmi ń di àkàbà mú. Ìyá náà gbé omi wá fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn wá dé ibi tí ọ̀kadà wà. Wọn kò wo ojú bàbá mi.

"Fèrèsé yẹn," wọ́n ní, "ọkọ mi ló ní kí ẹ fi síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́."

Bàbá mi ní, "Ooru ló ń mú wọn."

Ìyá náà mi orí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ wọn. Láàárín ọ̀nà, bàbá mi ní kí ọlọ́kadà dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n sì dúró nínú koríko fún ìgbà díẹ̀. N kò tẹ̀lé wọn.

Gbogbo òjò ọdún náà la fi lọ káàkiri, èmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn nìkan ní àárín ọ̀sẹ̀. A dé Tápà. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní kí a padà wá, àwọn kan fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikú ọ̀rẹ́ wọn ti da orí wọn rú. Káfíńtà mìíràn ló tún òrùlé mọ́ṣáláṣí kàn, ṣùgbọ́n lèmọ́mù ránṣẹ́ sí bàbá mi kí wọ́n tó tún kírun níbẹ̀. Bàbá mi gun òkè lọ wò ó, wọ́n de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n sì sọ fún àwọn tó ń kírun níbẹ̀ pé bí òjò bá ti ṣú ní ìlà oòrùn, kí wọ́n ti fèrèsé iwájú, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, eruku yòówù kó wọlé.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, oṣù kẹrin ni ìjì ńlá jà. Èrúwà ni mo wà, fóònù kò lọ. Nígbà tí mo máa fi délé lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti jáde. Mo bá wọn ní ìpẹ̀kun ìlú. Ọ̀pọ̀ ilé tí a kò dè ló ti tú sílẹ̀, páànù wà lórí wáyà iná, ó wà nínú gọ́tà. Èyí tí a dè lápá ibẹ̀ dúró, àfi ẹyọ kan. Ilé alámọ̀ ni. Irin kò já, igi kò já. Ògiri ló já. Òrùlé gbé amọ̀ òkè ògiri lọ́wọ́ lọ, irin ṣì wé mọ́ ọn níbi tó balẹ̀ sí nínú oko àgbàdo. Kò pa ẹnikẹ́ni. Onílé náà dúró tì wá, kò bínú, ó kàn ń wò wá bóyá a máa sọ nǹkan kan.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú amọ̀ kan lára irin náà, wọ́n fi ìka fọ́ ọ. Ó rọ̀, ó tutù nínú. Òjò àná nìkan kò lè ṣe irú ìyẹn; omi ti wà nínú ògiri náà tipẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ pa á títí tó fi di ẹrẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Wọ́n ní ti afẹ́fẹ́ ti yé àwọn díẹ̀, kí n wá ṣàlàyé bí omi ṣe ń gba inú ògiri gòkè. Mo ní n kò mọ ìyẹn dáadáa, n ó wò ó nínú ìwé.

Wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.